Fèrèsé Ló Mọ Bí A Ṣe Sùn

Ẹni tó bá fẹ́ tún yàrá ìbùsùn rẹ̀ ṣe, ọ̀dà àti kọ́tìnì ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Mo ti rí irú yàrá bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn aláwòrán: bẹ́ẹ̀dì ńlá kan láàárín, iná kékeré lọ́tùn-ún lósì, ògiri funfun báláú. Kò sí àpò gààrí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí ọmọ tó na ẹsẹ̀ sórí ikùn ìyá rẹ̀. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán yẹn kò mọ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Ní apá Èkó tí èmi ń gbé, láti Yábà lọ sí Sùúrùlérè títí wọ Múṣin, ojú fèrèsé ni ọ̀rọ̀ oorun ti ń bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn nìkan la fẹ́ kó gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n bí àlejò tó kó ẹbí rẹ̀ dání ló ṣe ń wá: ariwo ń tẹ̀ lé e, ẹ̀fọn ń tẹ̀ lé e, èéfín àti iná òpópónà náà kò gbẹ́yìn.

Ooru ni ká kọ́kọ́ sọ. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ara ènìyàn a máa dín ooru inú rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ kó tó lè wọ oorun. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń gbà lé ooru ọ̀hún jáde. Omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó débi pé òógùn kì í tètè gbẹ lára, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ń rìn ṣe wá láǹfààní ju afẹ́fẹ́ tútù tó dúró sójú kan lọ. Búlọ́ọ̀kù tún wá ń dá kún un. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn yóò mu oòrùn ọ̀sán yó, bó bá di alẹ́, yóò máa tú u sínú yàrá. Ìdí nìyẹn tí ìta fi ń tutù ju inú ilé lọ ní alẹ́ oṣù Ẹrẹ́nà, tí àwọn ará ilé á fi gbé àga síwájú ìta títí ilẹ̀ á fi ṣú gan-an. Ẹni tó bá ní àyè, kó gbé orí bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri yẹn. Kò ní ná an ní kọ́bọ̀.

Àwọn baba wa kò sùn nínú búlọ́ọ̀kù. Ìyẹ̀wù agbo-ilé àtijọ́ ṣókùnkùn, ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oòrùn kàn án. Nígbà tí àwọn Àgùdà ti Bùràsíìlì dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n kọ́ irú ilé mìíràn: ọ̀nà gbọọrọ kan láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, fèrèsé onípákó ńláńlá. Láti ara ilé yìí ni face-me-I-face-you tó kún Múṣin ti jáde. Atẹ́gùn ló sọnù lójú ọ̀nà. Nígbà tí onílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi yàrá kọ̀ọ̀kan pa owó, fèrèsé kan ṣoṣo ló kù fún yàrá kan, ilẹ̀kùn sì gbọ́dọ̀ wà ní títì lálẹ́. Bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn tí kò rí ibi jáde kì í wọlé. Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yàwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 1956 lórí ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru pé kí atẹ́gùn lè gba ojú kan wọlé kó sì gba ojú kejì jáde. Fèrèsé lúfà tó gbòde lẹ́yìn náà bá èrò yẹn mu, nítorí bí ẹ bá ṣí i, gbogbo ojú fèrèsé ló ṣí. Fèrèsé onígíláàsì tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó gba ipò rẹ̀, ìdajì rẹ̀ kì í ṣí láéláé. Mo mọ̀ pé olè a máa yọ gíláàsì lúfà lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ariwo, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Kì í ṣe pé àwọn tó pín ilẹ̀ fún wa kò ronú afẹ́fẹ́. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Nítorí rẹ̀, ní 1928, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, Yábà sì wà lára ibi tí wọ́n là sí ojúlé-ojúlé, kí ilé má baà lẹ̀ mọ́ ilé. Láti 1955, ìgbìmọ̀ yìí kan náà ń wó ilé láàárín Erékùṣù Èkó, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wá sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ wọn ní 1961, rí i pé ọ̀pọ̀ wọn jìnnà sí ẹbí àti oníbàárà. Wọ́n rí afẹ́fẹ́, wọ́n pàdánù ìyekan. Ní tiwa lónìí, àlàfo àárín ilé ọ̀hún ti kún fún ṣọ́ọ̀bù, táńkì omi àti jẹnẹrétọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ yìí ló sì bá oorun jẹ́ jù. LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní ariwo àdúgbò tí ènìyàn ń gbé kò gbọdọ̀ ju dẹ̀síbẹ̀lì 55 lọ lọ́sàn-án, 45 lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ fẹ́ 30 péré nínú yàrá ẹni tó ń sùn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lábẹ́ fèrèsé ti kọjá gbogbo ìyẹn. Èéfín rẹ̀ tilẹ̀ burú ju ariwo lọ, torí gáàsì tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tó ti sùn kò sì ní mọ̀ pé òun ń fà á símú. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, òpópónà wa bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ bí aago mẹ́wàá bá ti lù. Owó epo ṣe ohun tí òfin kò rí ṣe. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2024, àwọn tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná pín sí Band A ń san nǹkan bíi náírà 225 lórí yúnítì kan, kí wọ́n lè máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n tan éésì. Ooru tí éésì lé jáde, ojú fèrèsé aládùúgbò ló ń fẹ́ sí. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyí: ìdajì ìtura yàrá mi, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà, ìdajì ìnira tirẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí yàrá tí mo mọ̀, èyí tó wúlò jù ni àdéhùn tí àwọn ayálégbé ilé kan ṣe nípàdé, pé bí aago mọ́kànlá bá lù, kí oníkálukú pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Mo gbé yàrá kan rí ní Múṣin, nítòsí ọjà Ojúwoyè, ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ títún yàrá ṣe dunjú. Ìyá tó wà nínú yàrá tó dojú kọ tèmi ta kọ́tìnì láti ògiri dé ògiri: pálọ̀ níwájú, ìyẹ̀wù lẹ́yìn. Ó fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè, ìkòkò àti báàgì wọ abẹ́ rẹ̀, àpótí aṣọ sì di ògiri kejì. Orí bẹ́ẹ̀dì wà lójú fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn so kọ́ láti àjà. Nẹ́ẹ̀tì a máa dí atẹ́gùn lọ́wọ́, kò ṣeé jiyàn, ṣùgbọ́n òru ni ẹ̀fọn ibà ń jẹ. Bí ooru bá mú, ìyá náà á fi omi nu ilẹ̀, á tẹ́ ẹní sórí sìmẹ́ńtì, á ní kí àwọn ọmọ fi fóòmù sílẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Fóòmù a máa há ooru mọ́ ara. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ fóòmù Vitafoam ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, fóòmù ti lé tìmùtìmù olówùú kúrò nílé wa, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹní gbéṣe lóṣù Ẹrẹ́nà.

Ti ìmọ́lẹ̀ kò gùn. Ojú tó bá rí iná, ojú fóònù ni o, bọ́ọ̀bù ni o, ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. A sì ní àṣà kan tó yà mí lẹ́nu: a máa ń fi súwíìṣì sílẹ̀ ní títàn kí a lè mọ̀ bí wọ́n bá mú iná dé. Iná dé ní aago méjì òru, bọ́ọ̀bù tàn gbòò, gbogbo ilé dìde láti fa omi, láti lọ aṣọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kó tó di aago márùn-ún, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Gílóòbù kékeré kan ní kọ́rídọ̀ ti tó láti jíṣẹ́ pé iná dé.

Nínú yàrá tí mo ń gbé báyìí ní Sùúrùlérè, n kò kun ọ̀dà kankan. Mo ní kí káfíńtà yọ fèrèsé tí à ń fà, kó fi èyí tó ń ṣí tán síbẹ̀, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì àti irin. Lẹ́yìn náà mo ní kí bíríkìlà lu ihò gbọọrọ sókè ilẹ̀kùn, kí atẹ́gùn tó wọlé lè rí ibi jáde. Lánlọ́ọ̀dù wá wò ó, ó dúró sábẹ́ ihò náà títí, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lórí. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé dí i padà lọ́jọ́ tí mo bá ń kó lọ.