Ọwọ́ Òsì Nìkan

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Síbẹ̀, ọwọ́ tí a kò jẹ́ fi gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àgbà yìí gan-an ni Johannes Brahms, ògbóǹtarìgì olórin ilẹ̀ Jámánì, gbé iṣẹ́ ńlá lé ní ọdún 1877.

Orin Chaconne ni iṣẹ́ náà. Ó wà nínú ìwé orin fáyólìnì tí Johann Sebastian Bach fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní ọdún 1720. Fáyólìnì jọ gòjé. Okùn mẹ́rin péré ni ó ní, ọ̀pá kan ni a sì fi ń wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Bach mú kí okùn mẹ́rin náà ró bí ẹni pé agbo akọrin ni ó ń kọrin. Ìlà orin kúkúrú kan ni ó ń yí padà léraléra fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, láti inú ìbànújẹ́ bọ́ sínú ìtùnú, kí ó tó tún padà sínú ìbànújẹ́.

Àwọn mìíràn fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí píánò, wọ́n sì bù kún un. Brahms kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀wé sí Clara Schumann pé ọwọ́ òsì nìkan ni ó ń mú kí òun mọ ohun tí afáyólìnì ń mọ̀ lára.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jókòó ti iṣẹ́ yìí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ náà. Ìka márùn-ún kò lè tẹ ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò tẹ ti ìsàlẹ̀ ná, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ irin abẹ́ píánò kí ohùn náà má baà kú, yóò sì fò sókè, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá fáyólìnì ti ń fò láti okùn dé okùn. Ọwọ́ ọ̀tún a jókòó lórí itan bí àlejò. Bí ó bá dìde ṣe ìrànwọ́, gbogbo ohùn yóò pé, ṣùgbọ́n làálàá tí í ṣe ẹ̀mí orin náà yóò ti lọ.

Brahms kò mọ̀ pé Clara, opó tí ó fi píánò títẹ̀ tọ́ ọmọ méje, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣèṣe ní ìlú Kiel, nígbà tí ó ń fa dúrọ́ọ̀ kan. Orin ọlọ́wọ́ òsì náà sì bá a ní àkókò tí kò ní ọwọ́ mìíràn láti lò.

Kì í ṣe gbogbo àìní ni ó yẹ kí olùkọ́ tètè dí fún ọmọ. Ẹni tí ó bá gba ìṣòro kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ẹ̀kọ́ mọ́ ọn.