Ihò Tí Mo Dí ní 2018

Gbogbo wa la mọ bí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe dá wa jókòó sílé ní 2022. Ẹlòmíràn kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ẹlòmíràn ń ta dátà. Ní tèmi, abẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Ìkòròdú ni mo dùbúlẹ̀ sí, tí mò ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara mi, tí ojú sì ń tì mí.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìbejì, ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ fáíbà ni, èrò ló ń kó láti Ìpakodò lọ sí Ẹ̀bútè Èrò, àwọn ìyá ọlọ́jà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà Èkó nígbà náà á mọ̀ pé gẹdú máa ń léfòó lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fà lọ sí ibi ìlagi Oko Bàbá ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Òmíràn á já kúrò lára àwọn yòókù, kò sì ní í hàn dáadáa lójú omi. Irú rẹ̀ ló gún ọkọ̀ Bàbá Ìbejì nídìí ní 2018. Ihò náà kò ju ẹnu ife tíì lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo ti ṣe wáẹ́ẹ̀kì tán, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe bí wọ́n ṣe ń po bọ́dì fílà. Èmi náà rà á, mo pò ó, mo fi dí ihò náà, mo ha á kó jọ̀lọ̀, mo sì kun ún ní ọ̀dà búlúù. Ó ń dán yinrin! Bàbá Ìbejì mú gbogbo awakọ̀ etí omi wá wò ó. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é o!”

Ní oṣù kẹjọ 2022, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀, mo lọ kí wọn. Mo bá ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kí ló ṣe ọkọ̀?”

“Omi ni, Pùròfẹ́sọ̀.”

Wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní àárín ọ̀sà, bàtà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó nínú ọkọ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rọra gbé wọn débùúté, láti ọjọ́ náà ni wọn kò sì ti kó èrò mọ́.

Wọ́n mú òòlù kékeré, wọ́n ń fi kan ìdí ọkọ̀. Kó, kó, kó. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí mo dí, ohùn yí padà: bù, bù. Àwa tí a ń kọ́ nípa ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ní kíláàsì! Kò sí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ìgbà wo ló ti ń jò, sà?”

“Kò pé oṣù mẹ́ta tí o dí i.”

Ọdún mẹ́rin! Ní gbogbo ìdájí ni wọ́n ń gbọ́n omi kí èrò tó dé. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n ní, “Inú rẹ ló dùn jù.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Oníṣẹ́ fáíbà tí wọ́n pè dé lọ́jọ́ kejì. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fẹ ihò náà sí i. Ó fi gíráíńdà ha gbogbo fílà mi dànù, ó ha ibi tí omi ti bàjẹ́, ó sì ń ha etí ihò náà lọ títí ó fi dà bí àwo pẹrẹsẹ. Ara ọkọ̀ náà nípọn tó mìlímítà mẹ́fà. Etí tó ha yí ihò náà ká fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méje. Ó ní ibi tí ohun tuntun máa gbé di ti àtijọ́ mú nìyẹn. Fílà tèmi kò ní okùn kankan nínú, ó kàn le lásán ni. Ìdí ọkọ̀ sì máa ń mì bí ìgbì bá ń lù ú. Bó ṣe ń mì ni fílà ń sán, tó sì ń fa omi mu. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi kun làpálàpá ní ọ̀dà.

A wọ ìbomú àti aṣọ alápá gígùn, síbẹ̀ eruku fáíbà yún mi bíi wèrèpè. A jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ méjì. A fi ọ̀rá bo páálí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ òdìkejì ihò kí rẹ́sìn má baà ṣàn jáde. Wọ́n ní kí n po rẹ́sìn. Lítà kan kì í gbà ju mìlílítà mẹ́wàá sí ogún kátálíìsì lọ. Èmi tún fojú díwọ̀n! Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́, ike náà ti gbóná, ó ń rú èéfín, rẹ́sìn ti di òkúta. Owó Bàbá Ìbejì gbé. Ọ̀gá kò bú mi, ó kàn na ife ìdíwọ̀n sí mi.

Lẹ́yìn náà, a tẹ́ ègé fáíbà, èyí tó tóbi jù ló kọ́kọ́ lọ. A ń fi búrọ́ọ̀ṣì rin rẹ́sìn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ń tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, títí funfun rẹ̀ yóò fi parẹ́. Ìpele mẹ́fà la tẹ́.

Nígbà tó le tán, a gbé ọkọ̀ sórí igi, a da omi sínú rẹ̀, mo sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ojú ihò ńlá kò jò. Ṣùgbọ́n omi ń kán ní ihò síkúrù méjì níbi ìjókòó àtijọ́ tí wọ́n ti yọ. A tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráíńdà.

Wọ́n ní igbá tó fọ́ ní í gba kasẹ létí. Ẹ bá mi wò ó: kí wọ́n tó fi kasẹ rán igbá, wọ́n á kọ́kọ́ lu ihò mìíràn sí i. Mo ti ń pa òwe yìí tipẹ́ kí n tó rí ìyẹn nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ń dìde ní ìdájí láti gbọ́n omi nítorí iṣẹ́ tí wọ́n yìn yín fún?

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ padà sójú omi, mo rí i pé Bàbá Ìbejì ṣì gbé igbá ìgbọ́nmi sínú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá tún jò, ẹ sọ fún mi.”

“Màá pè ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an,” wọ́n ní, “kódà bí o bá wà nínú ìdánwò.”