Ìdì Iṣẹ́ Kan Lẹ́ẹ̀kan

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá ń lé eku méjì yóò pòfo. Òwe yìí ti wà ní ẹnu wa tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí ó bá wí lónìí ju àwa tí ń kọ prógíráàmù lọ.

Prógíráàmù kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo tí a ń kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí àna rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì ni. Ó lè tó igba, ó lè ju ẹgbẹ̀rún lọ, ọ̀kan ń pe èkejì, èkejì ń pe ẹ̀kẹta. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ tún ohun kékeré kan ṣe, ó lè jẹ́ pé márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni ó ní í fi ọwọ́ kàn nínú gbogbo wọn. Àwọn mẹ́fà náà dà? Wọ́n fọ́n káàkiri láàrin àwọn ìyókù bí ọmọ tí ó sọnù mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjà Ìkàrẹ́. Wíwá wọn a máa gba àkókò ju títún wọn ṣe lọ. Ìgbà tí a bá sì wá wọn rí tán, tí ẹnì kan bá pè wá lórí fóònù pé iṣẹ́ mìíràn ni kí a kọ́kọ́ ṣe, gbogbo ohun tí a ti tò sí orí a tú ká.

Ẹni tí ó fi ojú sí ọ̀rọ̀ yìí gidigidi ni Mik Kersten. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Xerox PARC ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó wá rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ gan-an, bí kò ṣe wíwá nǹkan kiri. Ó lọ sí Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, òun àti olùkọ́ rẹ̀, Gail Murphy, sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìwádìí. Ní 2005 wọ́n kọ̀wé lórí ohun èlò kan tí ń bá Eclipse ṣiṣẹ́, Eclipse sì ni ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ èdè Java. Mylar ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 2007 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mylyn. Ní 2006 wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí lára akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ 16 tí ó lò ó lẹ́nu iṣẹ́ wọn jáde: bí a bá fi iye ìgbà tí wọ́n kọ nǹkan wé iye ìgbà tí wọ́n kàn ń ṣí nǹkan wò, kíkọ ti pọ̀ sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bí mo bá fẹ́ ṣe àlàyé ohun èlò yìí fún ará ilé mi, n kì í bẹ̀rẹ̀ láti Kánádà. Ìsọ̀ télọ̀ kan ní Ìkàrẹ́ ni mo máa ń mú wọn lọ. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ ogójì ènìyàn lè wà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Bí oníbàárà bá kó aṣọ dé, á wọ̀n ọ́n, á kọ ìwọ̀n náà sí pépà, á sì kó aṣọ, pépà, síìpù, bọ́tìnnì àti òwú tí ó bá àwọ̀ aṣọ náà mu sínú ọ̀rá kan, á so ó, á gbé e sí orí pákó. Bí ó bá kan aṣọ ẹni náà, ìdì kan yẹn nìkan ni yóò tú sórí tábìlì. Bí ẹlòmíràn bá sáré dé pé ọ̀la ni a ó sin òkú bàbá òun, á ká ti àkọ́kọ́ padà sínú ọ̀rá rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ó ṣì wà lára rẹ̀, á tú ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nígbà tí ó bá padà sí ti àkọ́kọ́, ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi í ní ọjọ́ kan pé, ‘Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò kúkú tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè máa rí i?’ Ó rẹ́rìn-ín. ‘Àbúrò, bí mo bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ṣé aṣọ ni n ó máa rán ni, àbí n ó máa ṣọ́ aṣọ?’

Ohun tí Mylyn ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ óò kọ orúkọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ óò sì sọ fún un pé òun ni ẹ dáwọ́ lé. Láti ìgbà náà, fáìlì tí ẹ bá fọwọ́ kàn yóò gba àmì. Bí ẹ bá ti ń padà sí i ni àmì rẹ̀ ń ga. Èyí tí ẹ bá sì pa tì, àmì rẹ̀ a máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ẹ kò fọwọ́ kàn kì í hàn. A kò pa á rẹ́, a kàn gbé e sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni. Bí ẹ bá bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn, á di ti àkọ́kọ́ ní ìdì; ní ọjọ́ tí ẹ bá padà sí i, ì báà jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yóò ṣí àwọn fáìlì náà bí ẹ ti fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ tilẹ̀ lè fi ìdì náà ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ yín kí ó bá yín parí rẹ̀.

Èmi alára mọ iyì rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìkàrẹ́ gbé prógíráàmù tí wọ́n fi ń ṣírò owó wọn fún mi pé kí n tún ṣe. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti lọ sí ìlú òyìnbó. Ilé wa ní Ọ̀kà ni mo ti ń ṣe é, lórí òkè níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí iná kì í sábà dúró. Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ti wà láti 1999, ni mo ti ń gba iná sí bátìrì. Bí mo bá padà dé ilé, wákàtí mẹ́ta péré ni mo ní. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀: orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tí kò wọlé, ìwé ìṣirò tí kò ṣeé tẹ̀ jáde, àti èyí tí ó le jù, èlé orí ẹ̀yáwó tí ń jáde ní ìlọ́po méjì fún àwọn kan. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó tí ń ta gààrí. Kọ̀ǹpútà sọ pé ó ṣì jẹ owó tí ó ti san tán, wọn kò sì lè yá a ní òmíràn láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ títí àkọsílẹ̀ náà yóò fi gún.

Mo di iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdì tirẹ̀. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá pè mí pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ti ìwé títẹ̀ ńkọ́?’, n ó bọ́ sí ìdì yẹn, n ó dá a lóhùn, n ó sì padà sórí èlé. Nínú fáìlì tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, méje péré ni ó wà lójú mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé kò fara mọ́ ọn. Ó ní, ‘Ta ni ó sọ fún ẹ̀rọ pé ibi tí o kò tíì dé kò ṣe pàtàkì?’ Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ ni. Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tí ó ṣe pàtàkì. Ohun tí a ti fọwọ́ kàn nìkan ni ó mọ̀.

Ó sì rí bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èlé. Mo ka fáìlì méje yẹn ní àkàtúnkà, ìṣirò wọn pé. Mo bá ká aṣọ ìkélé, mo wá gbogbo ibi tí ohunkóhun ti ń pe ìṣirò èlé. Fáìlì kan tí ń ṣiṣẹ́ ní òru ọjọ́ tí oṣù ń parí ni mo bá níbẹ̀; ó ń ka èlé lẹ́ẹ̀kan sí i fún ẹni tí ó bá san owó ní ọjọ́ náà gan-an. Ọjọ́ tí opó náà máa ń san tirẹ̀ nìyẹn, nítorí ọjọ́ náà ni àwọn oníṣẹ́ oṣù máa ń san gbèsè gààrí fún un. Mo tún un ṣe kí bátìrì tó kú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n yá a lówó.

Ǹjẹ́ ọ̀rẹ́ mi jàre? Ó jàre ní apá kan. Ìdì kò ní kí télọ̀ gbàgbé pé pákó wà. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé fáìlì méje yẹn dúró sójú kan tí mo fi mọ̀ wọ́n tán, n kì bá tí mọ̀ pé ibòmíràn ni kí n wá. Ẹni tí ń wo gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà kò lè sọ ibi tí òun ti wò tán.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí àwa ará Àkókó. Ìyá kan tí ó wá sí ọjà Ìkàrẹ́ láti Arigidi a máa bá ará ilé rẹ̀ sọ èdè tiwọn, á yí padà bá oníbàárà sọ Yorùbá, á sì fi Ẹ̀bìrà díẹ̀ ná iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé. Èyí tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ ni ó mú wá sí iwájú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó lè jẹ́ IntelliJ IDEA ni ẹ ń lò, òun náà sì ní irú ìdì yìí; ó lè jẹ́ VS Code tí Microsoft gbé jáde ní 2015, ẹ sì lè ṣí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ojú fèrèsé tirẹ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹ fún iṣẹ́ ní orúkọ kí ẹ tó ṣí fáìlì kankan, ẹ dì í kí ẹ tó dìde, ẹ sì má ṣe bẹ̀rù àtiká aṣọ ìkélé nígbà tí ohun tí ẹ ń wá kò bá sí nínú ìdì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa pẹ̀lú, bí ẹ bá fún wa ní iṣẹ́ márùn-ún lọ́jọ́ kan, ẹ má bínú bí mẹ́rin bá ṣì wà lórí pákó.