Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Fídíò Lórúkọ

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yewa, àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí àjà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló kún inú rẹ̀: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìwúyè, òkú àgbà, ọdún Iléyá àti ọdún Kérésìmesì. Kí àwo VCD tó gbòde, ìnáwó ńlá kì í kọjá láìjẹ́ pé a pe onífídíò sí i. A máa ń ṣírò owó rẹ̀ mọ́ owó màlúù àti owó onílù. Lónìí, bí ẹ bá bi àwọn ọmọ ilé pé kí ni ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kan, èsì wọn kò ju pé, "Ìnáwó kan ni."

Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ẹbí wa gbé lé mi lọ́wọ́ ní Ìhunbọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, pé kí n tò ó, kí n sì ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 41 ni mo kà. Àwọn 9 péré ló ní àkọlé tó ṣeé kà. 6 sì ti bu. Wọ́n kọ "Ìgbéyàwó Bùọ̀dá" sí ara ọ̀kan. Bùọ̀dá wo? Ẹni tó kọ ọ́ mọ ẹni tó ní lọ́kàn. Kò rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo bùọ̀dá ilé yóò ti di bàbá àgbà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ ni ìṣòro irú iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, ẹ̀rọ ti di ọ̀wọ́n. Ilé-iṣẹ́ JVC ní Japan ló gbé kásẹ́ẹ̀tì VHS jáde ní ọdún 1976. Ní oṣù keje ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Funai, tí a mọ̀ gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, ṣíwọ́. Téèpù pàápàá kì í tọ́jọ́. Ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a fi ohun tó dà bí àtè lẹ lẹ́búlẹ́bú irin mọ́. Lára lẹ́búlẹ́bú yìí ni àwòrán àti ohùn wà. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa a máa ba àtè náà jẹ́, àwòrán a sì máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó àti ìmọ̀ ẹ̀rọ bá ti pàdé, a lè gba àwòrán là. Ẹ wo fíìmù Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rò pé ó ti sọnù, kí wọ́n tó rí i ní Jọ́ọ̀s. Wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi í han àwọn òǹwòran ní Berlin ní ọdún 2018. Fíìmù sínimá ní àkọlé, ó sì ní orúkọ òṣèré lójú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn 40 ọdún yóò mọ ohun tó rí. Fídíò ilé kò ní irú rẹ̀. Orí ìyá àgbà kan ni àkọlé rẹ̀ wà.

Nítorí náà, kí n tó ronú kan kọ̀ǹpútà, ìwé àjákọ ni mo rà. Mo fún kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, mo sì fún un ní ojú ìwé tirẹ̀: ọjọ́, ibi, ohun tí a ṣe, ẹni tó ya fídíò, àwọn tí a rí, àwọn tí a gbọ́ ohùn wọn. Mo ṣẹ́ ike kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni mo yá ẹ̀rọ, mo sì bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n wá wò ó. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Àwọn ojú kan wà tí ẹnikẹ́ni kò dá mọ̀ ní Ìhunbọ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 gba àárín ẹbí wa kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jó nínú fídíò wa wá láti Ifọ̀nyìn àti Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìrìn-àjò ìrọ̀lẹ́ di ohun tí àgbà ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ti Ìdí-Ìrókò tó ṣí padà. Kí ó tó ṣí, méjì nínú àwọn tó lè dárúkọ àwọn ènìyàn yìí ti papò dà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ṣẹ́kù ní Ifọ̀nyìn. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá dé, a wo fídíò òkú bàbá bàbá mi, ti ọdún 1991. Obìnrin kan ń jó láàárín àwọn ìyàwó ilé, ó wọ aṣọ ẹbí bíi tiwọn. Wọ́n ti ní kí n kọ "àlejò" sí iwájú rẹ̀. Ìyá ní, "Àlejò kẹ̀? Ìyàwó bàbá wa ni. Ó ti kó kúrò nílé kí bàbá tó kú, ó sì padà wá sin ín. Kọ orúkọ rẹ̀, kí o sì kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn kan nínú, nítorí pé oko bàbá ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì pín. Wọ́n ní kí n fi ojú ìwé náà sílẹ̀ lófìfo. N kò fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ kì í ṣe adájọ́. Ohun tí ẹlẹ́rìí sọ ni yóò kọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Mo kọ ohun tí wọ́n sọ ní Ìhunbọ̀, mo sì kọ ohun tí ìyá sọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ obìnrin náà wá gba ẹ̀dà fídíò. Kò bèèrè oko. Ó ní fọ́tò ìyá òun wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n òun kò rí i kí ó máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín, láti ìgbà tó ti kú.

Kásẹ́ẹ̀tì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ méjì tún wà níbẹ̀. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé ní ọdún 2001, ó sì wọ ìwé àkójọ wọn ní ọdún 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìwé náà kò lè sọ fún wa ẹni tó gbẹ́ igi tí a rí nínú fídíò wa, tàbí ẹni tó lu ìlù lọ́jọ́ náà. Àwa ni yóò bèèrè, àwa náà ni yóò kọ ọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí irú àpótí yìí bá wà nílé yín, ẹ má dúró de owó ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ fún àwọn kásẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà, ẹ gbé wọn dúró ní òòró níbi tí kò sí oòrùn àti ọ̀rinrin, kí ẹ sì pe àgbà tó dàgbà jù jókòó. Èyí tí ojú àgbà náà wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ju ọ̀kan lọ, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Bí ẹbí yín bá wà ní apá kejì ààlà, ẹ fi ẹ̀dà ìwé orúkọ náà ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n lè mọ ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní àlejò.