Abúlé Wo Ni Wọ́n Ti Wá?

Ẹni tó bá fẹ́ tọpa àwọn baba ńlá rẹ̀ tó kúrò ní Áyálándì, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà: abúlé wo? Bó bá dáhùn pé ará Cork ni wọ́n, kò tí ì sọ nǹkan kan. Cork fẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn tó sì ń jẹ́ Murphy níbẹ̀ pọ̀ bí àwọn Adéyẹmí ṣe pọ̀ nílẹ̀ wa. Ohun tí ìwé ń béèrè ni townland, ìyẹn ẹ̀ka ilẹ̀ kékeré tó lè má ju agbo ilé mélòó kan pẹ̀lú oko wọn lọ. Irú rẹ̀ lé ní 60,000 káàkiri erékùṣù náà. Ẹni tó bá mọ orúkọ tirẹ̀, ọ̀nà ti là fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ara rẹ̀ láàárín àwọn Murphy tí kò bá a tan.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò nìyí. Dublin ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti ń lọ sílé ìwé, ibẹ̀ náà ni mo ti rí bí ọ̀rọ̀ ìdí ìran ṣe jẹ àwọn Áírìṣì lógún tó. Àtọmọdọ́mọ àwọn tó ti lọ ń ti Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà wá, wọ́n á gbé bébà dání, wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Bí mo ṣe ń kà nípa ìwákiri wọn, ó yé mi pé ìwé ìjọba kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìdílé fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí òbí bá sọ fún ọmọ nínú ilé ni ọmọ náà á gbé lọ bá ìwé.

Ọdún 1845 ni àrùn kọ lu pòtétò ní Áyálándì, ó sì ń padà wá títí di nǹkan bí ọdún 1852. Pòtétò yìí ni tálákà ń jẹ láàárọ̀, tó ń jẹ lálẹ́. Nígbà tó jẹrà mọ́ inú ilẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ló kú, àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìkànìyàn ọdún 1841 bá ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ níbẹ̀. Ti 1851 bá bíi mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀. Ìyàn náà tán, àwọn ènìyàn kò ṣíwọ́ lílọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìrìn bá ku ọ̀la, ará ilé àti aládùúgbò á pé sílé ẹni tó ń lọ, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á jó, wọ́n á sunkún mọ́jú, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe àìsùn òkú gan-an. Àìsùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè é. Òbí tó jókòó níbẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun má fojú kan ọmọ yẹn mọ́ láyé. Èmi tí mo ti sin ẹbí lọ sí pápákọ̀ òfurufú rí, mi ò lè ka ìyẹn kí ara mi má bù máṣọ.

Àwọn tó ṣẹ́kù sílé gbàgbọ́ pé orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé ìjọba. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1922, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, tí iná àti ohun ìjà abúgbàù pa ilé ìkówèésí ìjọba tó wà ní Four Courts ní Dublin run. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìkànìyàn 1821 títí dé 1851 jóná sí, pẹ̀lú ìwé ìpíngún àti ìwé ìrìbọmi ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà. Ti 1861 àti 1871, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti pàṣẹ kí wọ́n run wọ́n tipẹ́. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ wọ́n kúnná nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní nítorí pé bébà wọ́n. Bí ó ṣe di pé ìkànìyàn tó pé pérépéré tó pẹ́ jù lọ lọ́wọ́ wọn ni ti 1901 nìyẹn.

Ohun tó kù pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń bi ẹni tó ń wá nǹkan léèrè. Láti 1864 ni ìjọba ti ń kọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Láàárín 1847 sí 1864, Richard Griffith àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ orúkọ àwọn tó ń gba ilẹ̀ àti ilé lò, townland kan lẹ́yìn òmíràn, kí ìjọba lè mọ iye owó orí tí wọn yóò gbà. Olórí ilé nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ọmọ. Ìwé ìrìbọmi ìjọ Àgùdà ló ṣe iyebíye jù lójú mi. Láti 2015 ni ibi ìkàwé orílẹ̀-èdè wọn ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè Látìn ni fádà fi kọ èyí tó pọ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ a sì máa rí wúruwùru, ṣùgbọ́n ẹ ó rí orúkọ bàbá, ẹ ó rí orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó relé ọkọ, ẹ ó sì rí àwọn méjì tó dúró fún ọmọ. Àwọn tó dúró yẹn sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí, nítorí náà àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fojú fò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù ọdún 1911. Bàbá ilé ló sábà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, àwòrán rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Lẹ́yìn orúkọ, ìsìn, ọjọ́ orí àti iṣẹ́, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti bi aya ilé pé ọdún mélòó ló ti wà nílé ọkọ, ọmọ mélòó ló bí láàyè, mélòó ló kù nínú wọn. Wọ́n á kọ 9 fún ìyá kan, wọ́n á tún kọ 5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn mẹ́rin tó lọ kò sí lórí fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tó bá ń tọpa ìdílé ni yóò tún padà lọ wá wọn níwé ikú àti ìwé ìrìbọmi, bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún un pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà.

Ọjọ́ orí inú ìwé yìí tún ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ju ọdún mẹ́wàá dàgbà láàárín 1901 sí 1911. Ìjọba ṣe òfin ní 1908 pé kí ẹni tó bá pé àádọ́rin ọdún máa gba owó àgbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sísan rẹ̀ ní oṣù kìíní 1909. Àwọn tí kò ní ìwé ìbí á wá fi ohun tí wọ́n rántí ṣe ẹ̀rí: pé àwọn ti lóye nígbà Ìjì Ńlá, ẹ̀fúùfù líle tó jà ní òru ọjọ́ 6 oṣù kìíní 1839. Àwọn òbí tiwa náà ló sọ pé ìgbà ogun Hítílà ni wọ́n bí àwọn, mi ò sì mọ ìgbà tí àwa yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sókè òkun. Báńkì kan wà ní New York tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1850 nítorí àwọn tó ṣí wá, Emigrant Savings Bank. Kí wọ́n lè dá oníbàárà mọ̀, àgàgà ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n á bi í léèrè ibi tí wọ́n ti bí i, ọkọ̀ tó bá wá, orúkọ òbí àti ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, wọ́n á sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé ìfowópamọ́ ti wá di ìwé ìdílé. Ní Boston, ìwé ìròyìn Pilot ń gbé ìkéde àwọn tí ń wá ara wọn jáde láti 1831 títí wọ ọdún 1921: ọkọ tí ìyàwó ń wá, àbúrò tí ẹ̀gbọ́n ń wá, pẹ̀lú ìlú, ìjọ àti ìgbà tí wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ kẹ́yìn. Orúkọ townland tí àwọn mìíràn wá káàkiri tí wọn kò rí wà nínú ìkéde bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyá kan ti kọ́ ọmọ rẹ̀ kó mọ̀ ọ́n.

Ìtàn Annie Moore ló gbà mí lọ́kàn jù. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba Ellis Island wọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1892. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì, Anthony àti Philip, ni wọ́n jọ ti Cork wá bá òbí wọn ní New York. Wọ́n mọ ère rẹ̀ sí Ellis Island àti sí Cobh, etíkun tó ti wọ ọkọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ pé ó lọ sí Texas, pé ọkọ̀ ojú irin ìgboro ló pa á níbẹ̀, wọ́n sì ń yẹ́ ìdílé tó wà ní Texas sí. Ní 2006 ni Megan Smolenyak, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọpa ìdílé, fi hàn pé Annie Moore mìíràn nìyẹn: ìwé ìkànìyàn sọ pé Illinois ni wọ́n bí i sí. Ti Cork kò kúrò ní New York. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Joseph Schayer, tó bímọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Ó kú ní 1924, wọ́n sì sin ín sí Queens láìsí òkúta ìrántí lórí rẹ̀ títí di 2008. Mi ò gbà pé irọ́ ni ìdílé Texas ń pa. Orúkọ bára mu, ìtàn sì dùn ún sọ. Orúkọ àbúrò, Philip, wà lára ohun tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà tó tọ́.

Àwọn Áírìṣì ní àṣà kan tó ń ran awákiri lọ́wọ́. Àkọ́bí ọkùnrin sábà máa ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, èkejì á jẹ́ ti bàbá ìyá. Àkọ́bí obìnrin sábà máa ń jẹ́ ti ìyá ìyá rẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn náà wo ilé.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ilé tiwa. Ìwé ìrìnnà mi kọ Ìbàdàn síbi tí wọ́n ti bí mi. Kò sọ pé Òkè-Ìmẹ̀sí ni bàbá mi ti wá, kò sọ ìyá mi rárá. Ìwé ìbí àwọn ọmọ mi kọ Dublin. Bí ọmọ ọmọ wọn bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan, Ìbàdàn ni yóò lọ wá wa sí, níbi tí kò sí ẹbí wa kankan. A ní ohun tí àwọn Áírìṣì kò ní, ìyẹn oríkì orílẹ̀. Ogun lé àwọn ará Ìkòyí kúrò níbùgbé wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n tú ká síbi púpọ̀, síbẹ̀ ọmọ Oníkòyí ni wọ́n ṣì ń jẹ́ níbi tí wọ́n bá wà, nítorí pé ìyá ń kì wọ́n bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ìyá mélòó ló ń ki ọmọ láàárọ̀ ní Dublin? Àwa ni à ń sáré kí bọ́ọ̀sì má fi wọ́n sílẹ̀.

Mo ti ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan. Mo ń kọ agbo ilé àti àdúgbò àwọn òbí àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, orúkọ ìyá wọn, àwọn ọmọ ìyá wọn láti orí àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń lọ, àti oríkì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Fọ́ọ̀mù 1911 ló jẹ́ kí n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìyá Adé, kò fẹ́ gbọ́ ọ lórí fóònù. Wọ́n ní a kì í ka irú àwọn bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, wọ́n ní kí n fún àwọn láyè. Nígbà tí wọ́n pe mí padà, orúkọ méjì ni wọ́n fún mi, wọ́n sì sọ ọdún tí wọ́n bí èyí àgbà. Mo ti kọ wọ́n sí ipò wọn, ìkẹta àti ìkẹfà. Ti ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ní Ìlá ló kù, àbúrò wọn ló sì ní kí n pe òun lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.