Yàrà Tí Ó Ṣọ́ Ìlú, Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ọ?

 

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kàn mí kí ó tó kan ẹlòmíràn. Ní àsìkò ìsinmi kan, àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ilé ti sú wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ròyìn etíkun Èkó àti Bàdágìrì. Owó olùkọ́ kò gbé irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ fún wọn pé ní Ìlú Bìní tí a ń gbé yìí, bèbè gíga kan wà tí kì í ṣe òkun ni ó gbẹ́ ẹ, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni. Nítorí ogun ni wọ́n sì ṣe gbẹ́ ẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ìyàwó mi di mọ́ín-mọ́ín àti omi sínú àpò, a sì gbéra láti GRA.

Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Ring Road ni a kọ́kọ́ yà sí. Níwájú àwọn iṣẹ́ idẹ ibẹ̀, mo sọ ìtàn ọdún 1897 fún àwọn ọmọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, James Phillips, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ wọ ìlú nígbà tí Ọba Ovonramwen ti ránṣẹ́ pé kí ó má tíì wá. Wọ́n pa òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá a rìn lójú ọ̀nà. Ní oṣù kejì, ọ̀gágun ojú omi Harry Rawson kó ọmọ ogun wá. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù náà, ìlú ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ààfin jóná, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà lọ, wọ́n sì mú Ọba lọ sí Kàlàbá, níbi tí ó wà títí ó fi wàjà ní ọdún 1914.

Láti ibẹ̀ ni a ti gba òpópó Sakponba lọ wo yàrà náà. Iya ni àwọn Ẹ̀dó ń pè é. Ìtàn wọn sọ pé Ọba Oguola ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yàrà, tí Ọba Ewuare sì fi kún un ní nǹkan bí ọdún 1450 sí àsìkò tí ó tẹ̀ lé e. Níbi tí kò tíì bàjẹ́, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé góńgó òkìtì tó bíi mítà 17. Graham Connah, onímọ̀ tí ó wa ilẹ̀ wá ìtàn ní Bìní láàrin ọdún 1961 sí 1964, ṣírò pé bí wọ́n bá gbẹ́ yàrà inú ìlú yìí ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, ènìyàn 5,000 ni yóò máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń yọjú wo ìsàlẹ̀.

Olùkọ́ ẹ̀sìn ni mí. Ẹnu mi kò lè dákẹ́. Mo rán wọn létí ogun Yàrà tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mọdínà ní ọdún karùn-ún Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 627. Àwọn ọ̀tá tí ó tó bíi 10,000 ń bọ̀. Àwọn Mùsùlùmí kò ju bíi 3,000 lọ. Sàlmán, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà, ni ó mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà sí apá àríwá ìlú. Ànọ́bì fúnra rẹ̀ ru erùpẹ̀ pẹ̀lú wọn nínú ebi àti òtútù. Àwọn ọ̀tá dó ti ìlú títí, wọn kò rí ọ̀nà kọjá. Níkẹyìn, Ọlọ́hun rán atẹ́gùn sí wọn, wọ́n sì túká.

Ọmọ mi ọkùnrin bi mí pé, "Dádì, kí ló dé tí yàrà Mọdínà gba ìlú là, tí ti Bìní kò gba ìlú là?"

Mo dá a lóhùn pé ó ti ṣọ́ Bìní fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí 1897 tó dé. Pé yàrà a máa dá ẹsẹ̀ àti ẹṣin dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá ọta ìbọn Maxim dúró. Mo tún fi kún un pé ní Mọdínà, àwọn tí ó gbẹ́ yàrà náà ni wọ́n dúró tì í lọ́sàn-án lóru. Mo ní, "Yàrà tí kò bá ní olùṣọ́, kòtò lásán ni." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi.

Kò pẹ́ tí ọlọ́mọlanke kan fi ti ẹrù rẹ̀ dé bèbè, tí ó sì da pàǹtí inú rẹ̀ sínú yàrà gbuu. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí ìsàlẹ̀ dáadáa: ọ̀rá, ike omi, tákùn tẹlifíṣọ̀n, àkísà. Àkọ́bí mi obìnrin fà mí láṣọ.

"Dádì, ṣé kì í ṣe ẹni tó ń kó pàǹtí ilé wa nìyẹn?"

Òun ni. Mo súnmọ́ ọn, mo sì béèrè ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi Pijin dá mi lóhùn wẹ́rẹ́ láìbínú, pé, "Ọ̀gá, láti ọdún tí ẹ ti ń sanwó fún mi, ẹ ò bi mí rí ibi tí mò ń kó o lọ."

N kò rí èsì. Àkọ́bí mi wà ní kíláàsì tí mo ń kọ́. Òun náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ inú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi mí ṣáájú ọjọ́ yẹn, mi ò bá sọ pé àlejò ni wá ní Bìní, pé kí onílé tọ́jú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni Sàlmán ní Mọdínà? Àlejò ni. Àlejò ni ó mú ìmọ̀ràn yàrà wá, àwọn tí ó ṣí láti Mẹ́kà náà sì wà lára àwọn tí ó gbẹ́ ẹ. Èmi tí mò ń kọ́ni ní ìtàn wọn ni mò ń sanwó láti dí yàrà ìlú tí ó gbà mí. Kò tilẹ̀ jìnnà sí wa bí mo ti rò. Ní ọdún 1995, Nàìjíríà to Iya Bìní àti Erédò Sùngbọ́ ti Ìjẹ̀bú pọ̀ sórí ìwé àwọn ohun tí ó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún aráyé. Ìjẹ̀bú ni ìyàwó mi.

Mo jókòó sórí òkìtì, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé mo ti ṣe àṣìṣe, kí wọ́n forí jì mí. N kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Bàbá wọn, àsìkò Àìlà ti tó. Ẹ jẹ́ kí á kírun ná, kí ẹ tó máa bá ara yín wí." A wá mọ́ṣáláṣí kan lọ, a kírun, a jẹ mọ́ín-mọ́ín wa, a sì padà sílé.

Láti ìgbà náà, èèpo iṣu àti ewé ọbẹ̀ kì í jáde nílé wa mọ́. A ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ sí ìdí ilá àti ewédú. Èyí tí ó kù ń dúró de ọkọ̀ akólẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọkọ̀ náà kì í wá, tí òórùn á gba ẹ̀yìnkùlé kan. À ń fara dà á. N kò lé ọlọ́mọlanke náà dànù, nítorí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ibi tí ọkọ̀ ti ń kó o ni mo ní kí ó máa gbé e lọ, mo sì bá a rìn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ojú mi lè rí i.

Ẹ̀yin òbí, àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọmọ tí mo kọ́ ni ó rí mi nígbà tí mò ń ta ilé onílé. Ẹ bi ẹni tí ń kó pàǹtí yín ibi tí ó ń kó o lọ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò hàn nínú iṣẹ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí á jẹ́ ìnira fún ìlú tí ó gbà wá. Àmín.