Áńpù Ò Jẹ̀bi

Ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Láti ìgbà náà, bí gìtá bá bàjẹ́, òde bàjẹ́ nìyẹn.

Ó ku ọjọ́ méjì ká lọ ṣeré nítòsí Gbọ̀ngàn Màpó ni áńpù wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùn-ùn bí oyin. Ọ̀rẹ́ wa tó ń ta gìtá la dá lẹ́bi. A ní òun ló já a lulẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ó búra títí, a ò gbà. A ti ń dáwó òmíràn.

A gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹyẹrúnká. Bàbá ò tilẹ̀ tú u. "Ẹ yọ wáyà gìtá yẹn." A yọ ọ́, áńpù pa lọ́lọ́. Ó ki wáyà tirẹ̀ bọ̀ ọ́, gìtá dún ketekete. Ó wá tú orí wáyà tiwa: èyí tó yí ti inú ká, tó ń dínà ariwo iná, ti já. Ó fi òjé jó o pọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó dájọ́."

Ojú tì wá. A máa ń pa á lówe ní kíláàsì pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan ká tó dá a.

A bẹ ọ̀rẹ́ wa. Owó tá a dá, a fi ra àmàlà fún un ní Ọjà'ba.